Kí Omi Ó Tó Tòrò

Korobá náà gòkè wá, omi inú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni pé wọ́n po amọ̀ sí i. Aránṣọ gbé e kalẹ̀ sétí kànga, ó ta aṣọ funfun kan bo ẹnu àgbá, ó sì rọra da omi náà lé e. Omi kọjá. Ohun tó kù sórí aṣọ kúná bí àtíkè. Ó fi ìka tọ́ ọ, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé èyí tó kúná jù bẹ́ẹ̀ lọ ti bá omi kọjá, pé tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á ti sùn sídìí àgbá.

Bó ṣe ń rí nìyẹn láti ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé. Á po álọ́ọ̀mù mọ́ omi kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sílẹ̀, á dúró kó tòrò, á wá máa fi ife bu tòkè, láì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan ìsàlẹ̀. Tó bá kánjú pẹ́nrẹ́n, gbogbo rẹ̀ á tún rú, iṣẹ́ á sì di àtúnṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọ́n omi náà sára aṣọ funfun oníbàárà kan kó tó lọ̀ ọ́, àbàwọ́n pupa sì jókòó sí i láyà. Ó fọ aṣọ náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

Ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ kò ju ògiri kan sí tiwọn lọ, tí wọ́n sì jọ ń fa omi kànga náà, yọjú pẹ̀lú korobá tirẹ̀.

"Aránṣọ, omi yìí mà ti fẹ́ di nǹkan míì. Ká ṣáà rí sìmẹ́ǹtì díẹ̀ dà sí i, ká fi mọ yàrá kan sí i."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Mo ti bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù," ni ìyá àgbà wí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. "Mo ní òun ló gbẹ́ ẹ, kó wá wo ohun tó ń ṣe é. Ó ní òun ń bọ̀ lónìí."

Ife tí Aránṣọ fẹ́ fi bu omi àná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àgbá kejì, ó rì, omi tó ti tòrò níbẹ̀ sì rú láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Láti ìparí òjò ni ọkọ rẹ̀ kò ti sùn sílé. Bíríkìlà ni. Ó ní iṣẹ́ wà ní ìlú kan, ilé ìwé ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ó sì di ẹrù rẹ̀ lọ. Kò sí ìjà. Ìjà ì bá tilẹ̀ sàn, nítorí àwọn tó ń jà ṣì ń wo ojú ara wọn. Àárín òjò ni ibà mú ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Kí oògùn tó ràn án, ó ti lọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn aládùúgbò kò ti fi orúkọ ọmọ pe ìyá mọ́. Aránṣọ ni wọ́n ń pè é. Àánú ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n tún gbé ọmọ náà sin lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni àwọn tó wá kí wọn ń wí nígbà náà. Ó ń ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó bi agbè bóyá òun náà ti sán.

Ó wọlé, ó gbá yàrá, ó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Ó kó òkìtì aṣọ tó fẹ́ rán kúrò lórí àga tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí. "Kí ni mò ń ṣe yìí gan-an?" ó bi ara rẹ̀. Síbẹ̀, ó nu àga náà.

Oòrùn ti mú kí ọkọ rẹ̀ tó dé, pẹ̀lú àpò irin-iṣẹ́ léjìká, ọmọlanke tó kó òkúta wẹ́wẹ́ àti sìmẹ́ǹtì sì ń tẹ̀ lé e. Ọlọ́mọlanke já ẹrù sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ ti rù. Funfun ti yọ nínú irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ni Aránṣọ wí, ó kúnlẹ̀.

"O kú ilé." Kànga ló ń wò. "Ìgbà wo ló ti ń rú?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Ṣé kí n kọ́kọ́ gbé oúnjẹ wá?"

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe é."

Ó ní *ká*. Aránṣọ di ọ̀rọ̀ kékeré yẹn mú, ó so ó mọ́ ìdí ìró rẹ̀ bí owó ọjà.

Àwọn méjèèjì jọ gbọ́n omi títí korobá fi ń ha ilẹ̀ kànga. Ọkọ rẹ̀ so àtùpà tó ń jó mọ́ okùn, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀; nígbà tí iná kò kú, wọ́n mọ̀ pé atẹ́gùn tó ṣeé mí wà nísàlẹ̀. Ó so okùn mìíràn mọ́ òpó ilé, ó dè é mọ́ ìbàdí, ó sì fi ẹsẹ̀ wá àwọn ihò tó dá sára kànga nígbà tó ń gbẹ́ ẹ. Díẹ̀díẹ̀, orí rẹ̀ wọ inú òkùnkùn lọ.

Ó ń wa ẹrẹ̀ sínú korobá, Aránṣọ ń fà á sókè. Bí okùn bá mì lẹ́ẹ̀mejì, ó ti kún nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń júwe iṣẹ́ fún ẹnì kejì. Ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ kànga yìí, báyìí náà ni wọ́n ṣe, oyún wà níkùn rẹ̀ nígbà náà, ọkọ rẹ̀ sì ń pariwo látìsàlẹ̀ pé kó má fà á mọ́, kó lọ jókòó. Aránṣọ ni kò gbọ́.

"Mo ti rí i," ohùn ọkọ rẹ̀ gòkè wá. "Ibi tí àwọn ríńgì kọnkéré ti pàdé lára ògiri kànga, sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ ti já. Iyanrìn kíkúná ló ń gba ibẹ̀ yọ́ wọlé."

"Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

"Ó ṣeé tún ṣe."

Ohùn rẹ̀ yàtọ̀ nínú kànga. Ó rọlẹ̀, ó sún mọ́ etí, bí ohùn ẹni tí wọ́n jọ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n paná. Aránṣọ kò rí ojú rẹ̀, òun náà kò rí tirẹ̀. Bóyá ohun tó jẹ́ kó rẹ́nu béèrè nìyẹn.

"Iṣẹ́ ilé ìwé yẹn, ṣé kò tíì parí ni?"

Ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ tún wa ẹrẹ̀ sínú korobá.

"Ó ti parí. Ó ti pẹ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò wálé?"

Ẹ̀rù atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ba Aránṣọ. Ó la ẹnu láti pè é.

"Ojú rẹ ni," ni ọkọ rẹ̀ wí. "O ò ṣẹ̀ mí o. O ò ṣẹ̀ mí rárá. Ojú kan náà ni ìwọ àti ọmọ yẹn jọ ní. Tó o bá rẹ́rìn-ín, òun ni. Tó o bá sùn, òun ni mò ń wò tó sùn sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbìyànjú. Ìgbà míì, mo máa wá títí dé oríta, ẹsẹ̀ mi á kọ̀."

Tẹ́lẹ̀, gbogbo ará àdúgbò ló ń fi ojú náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní ìyá nìkan ló dá ọmọ náà bí, wọ́n á bi bàbá pé ṣé ó tilẹ̀ mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ náà. Òun ló máa ń rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Á gbé ojú ìyá àti ojú ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, á ní òun fẹ́ mọ èyí tí òun fẹ́ níyàwó.

"Kí wá ni kí n ṣe?" Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́nu kànga. Ohùn rẹ̀ dún wọ ìsàlẹ̀ lọ, ó sì padà wá bá a lójú. "Ṣé kí n bó ojú náà ni? Èmi tí mò ń gbé e kiri ńkọ́? Ta ni mo fẹ́ sá fún?"

Okùn mì lẹ́ẹ̀mejì. Korobá ti kún. Ó fà á.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń sọ lẹ́yìn èyí. Ó sọ sìmẹ́ǹtì kalẹ̀ sí i, ọkọ rẹ̀ fi dí gbogbo ibi tó ti já. Ó sọ òkúta wẹ́wẹ́ kalẹ̀ sí i, ọkọ rẹ̀ tẹ́ ẹ sídìí kànga kí omi tó bá ń sun máa gba àárín rẹ̀ gòkè láì gbé ẹrẹ̀ dání. Nígbà tó jáde, ẹrẹ̀ bo orí, ó bo ìpéǹpéjú. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn mọ ohun tó pọ́n ojú.

Ó wẹ̀ tán, ó jẹun, ó sì dúpẹ́ bí àlejò. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

"Omi àkọ́kọ́ tó bá sun, gbọ́n ọn dànù. Má tíì mu ún títí sìmẹ́ǹtì á fi gbẹ dáadáa. Tó o bá ń fà á, má jẹ́ kí korobá já lù ú gbìì, rọra sọ̀ ọ́ ni. Mo ti ta kókó sí okùn yẹn. Tí kókó bá ti dé ọwọ́ rẹ, dúró, kó má bàa kan ìsàlẹ̀. Kó o sì máa bo ẹnu rẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Tó bá tún wá rú, bíríkìlà kan wà lójú oríta, Òpó ni wọ́n ń pè é. Ó ga, wàá mọ̀ ọ́n. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ó mọ iṣẹ́."

Aránṣọ fi ọwọ́ kan ìdí ìró rẹ̀, bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lára rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá nítorí pé ọ̀nà jìn ni. Bóyá kó má bàa sí ìdádúró ni.

Ẹ̀yìn ilé ló ti bá a, tó ń fún aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú omi tí ìyá àgbà bù fún un.

"Ẹ fi sílẹ̀, kí n bá yín sá a. Oòrùn ṣì wà."

"Má ṣèyọnu. Màá mú un lọ."

"Ó ṣì tutù."

"Mo mọ̀."

Ó ká aṣọ náà sínú ọ̀rá kan, ó ta ẹnu rẹ̀ ní kókó.

"Bíríkìlà!" ni ìyá àgbà pè láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ṣé o ò ní sùn ni?"

"Wọ́n ń retí mi, mà."

Ìyá àgbà padà sẹ́yìn ògiri. Àdúrà kì í gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò rí ọ̀kan sọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ rẹ̀ yíjú sí i. Láti àárọ̀, kò tíì wò ó bẹ́ẹ̀. Ó wo iwájú orí, ó wo ojú, ó wo àgbọ̀n, ó sì pẹ́ lórí ẹnu. Aránṣọ fi ojú náà sílẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín, kó má bàa ṣe é léṣe. Kò sunkún, nítorí ọmọ náà kì í sunkún níwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́," ló rí sọ, ohun tí yóò sọ fún bíríkìlà kíbíríkìlà.

Ọkọ rẹ̀ mi orí, ó lọ.

Ọ̀rá náà ti lu níbì kan. Omi ń kán níbẹ̀, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, sórí eruku, ó ń tẹ̀ lé e lọ títí tó fi yà ní oríta. Aránṣọ rántí àga tó nù láàárọ̀. Ọkọ rẹ̀ kò jókòó sí i. Kò tilẹ̀ wọ yàrá. Kànga nìkan ló kù tó jẹ́ tirẹ̀ nílé yìí, ó ti tún un ṣe pátá, ó sì gbé aṣọ tútù dání lọ, kó má bàa sí ohun tí yóò padà wá mú.

Ó dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi fa àwọn ẹ̀kán omi náà gbẹ, bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.