Ọ́ìlì Àkọ́kọ́

Èéfín aláwọ̀ aró ń tú jáde lẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi Solrun bí ìgbà tí èèyàn dáná igi tútù, ó bo ojú omi títí dé ẹ̀bá àpáta. Ẹja ti dé. Gbogbo ọkọ̀ tó wà ní erékùṣù wọn ló ń lọ sójú ibú, òun nìkan ló ń padà bọ̀. Bí ọkọ̀ aládùúgbò rẹ̀ kan ṣe ń sáré kọjá, ọkùnrin inú rẹ̀ na ọrùn síta.

"Solrun, ṣé o ti ń yan ẹja kó o tó pa á ni?"

Solrun rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín á tún gbọ́ òmíràn lọ́la. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe ló ti ń jẹ ọ́ìlì, agbára rẹ̀ sì ń relẹ̀ lójoojúmọ́. Àsìkò ẹja yìí ló ń bọ́ ọ títí ọdún fi ń yí po. Bí ẹja bá kọjá lọ láìjẹ́ pé ó rí i pa, kò mọ ohun tí òun máa jẹ.

Oddleif ló dúró dè é létí èbúté. Òun ló ń ta ọ́ìlì àti irin ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ń sá pańla, òun náà ló sì ń wo ẹ́ńjìnnì fún ẹni tí kò bá ní mẹkáníìkì nílé. Solrun ní mẹkáníìkì nílé. Magnar ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ nígbà òtútù, tó pààrọ̀ písítìnì àti ríìngì irin tó yí i ká, tó sì tún un tò. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó padà lọ bá a. Báwo lèèyàn ṣe máa sọ fún ẹni tó báni ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dáa?

Oddleif tú orí ẹ́ńjìnnì náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ṣílíńdà, ihò tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò, ó sì pẹ́ kó tó gbójú sókè. Ó ní kí Solrun wá wò ó fúnra rẹ̀. Ògiri inú irin náà ń dán bíi dígí.

"Ọ́ìlì wo lo kọ́kọ́ dà sí i?"

Solrun nawọ́ sí agolo tó wà ní ìdí ọkọ̀. Agolo aláwọ̀ wúrà ni, èyí tó wọ́n jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù ìlú ńlá. Ó ní òun kò fọwọ́ líle mú ẹ́ńjìnnì náà rárá, pé jẹ́jẹ́ lòun ń wà á yí etí omi ká, bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́.

Oddleif mi orí. "Ìkẹ́ yẹn ló bà á jẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tò, ọ́ìlì lásán ni wọ́n ń fún un, kí ríìngì lè ha ògiri yìí díẹ̀, kó sì jókòó dáadáa mọ́ ọn. O sì máa fún un níṣẹ́ gidi ṣe. Tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, o da ọ́ìlì yẹn nù pẹ̀lú irin wẹ́wẹ́ tó há sínú ẹ̀, lẹ́yìn náà kó o wá fún un ní olówó ńlá tó bá wù ẹ́. Èyí tó o dà sí i yìí ti yọ̀ jù. Ríìngì kàn ń yọ̀ káàkiri ni, kò ríbi dì mú, ọ́ìlì sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ jóná." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé Magnar ò sọ fún ẹ ni? Òun ló kọ́ èmi gan-an."

Solrun béèrè ìgbà tí wọ́n lè tún un ṣe, Oddleif sì ní kò lè ṣeé ṣe kí ẹja tó lọ.

Òkè ni ọ̀nà ilé Magnar. Bí Solrun ṣe ń gùn ún ni inú ń bí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Magnar wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì náà. Ó dúró lórí èbúté, báàgì kan wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wo Solrun bó ṣe ń ṣí agolo wúrà náà. Ó tilẹ̀ ya ẹnu, ó sì pa á dé. Solrun rò nígbà yẹn pé orí Magnar ló wú. Ṣebí tìtorí rẹ̀ lòun ṣe lọ ra ọ́ìlì olówó ńlá ọ̀hún, kó lè rí i pé òun mọyì iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí ẹnu òun kò lè sọ ọ́.

Ẹnu kò lè sọ ọ́ nítorí ìjà wà nílẹ̀. Láti kékeré ni Magnar ti ń darí rẹ̀: má so okùn báyìí, má gé búrẹ́dì báyìí, rọra, yìnyín wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn, tí gbogbo èèyàn jókòó ti kọfí, Magnar bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe yẹ kí Solrun ti tètè gbé ìyá lọ sí ọsibítù. Solrun dìde lójú gbogbo wọn, ó kọjú sí Magnar.

"Láti òní lọ, ẹ má sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi mọ́ láyé. Bí ẹ bá rí mi tí mò ń rì sómi, ẹ má pè mí."

Ẹyin lohùn. Ó balẹ̀, ó fọ́, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì Solrun wá kú, Magnar wá gbé e láìsọ nǹkan kan, Solrun sì gbà pé ìjà ti parí nìyẹn.

Magnar ń gé búrẹ́dì nígbà tó wọlé. Ó bu kọfí sí ife, ó gbé e síwájú rẹ̀. Solrun kò jókòó.

"Ẹ rí mi nígbà tí mò ń da ọ́ìlì yẹn."

"Mo rí ẹ."

"Ẹ sì mọ̀ pé ó máa ba ẹ́ńjìnnì jẹ́."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

Magnar fi ọ̀bẹ lélẹ̀. Kò bínú, ohùn rẹ̀ kò sì le. "O ní kí n má sọ. Ohun kan ṣoṣo tó o tíì bẹ̀ mí fún láyé nìyẹn."

Èébú ti wà lẹ́nu Solrun. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bá báàgì kan nídìí ilẹ̀kùn, báàgì tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ Magnar lórí èbúté lọ́jọ́ yẹn. Oúnjẹ ni Solrun rò nígbà yẹn pé ó wà nínú ẹ̀. Ẹnu báàgì náà là díẹ̀: agolo ọ́ìlì lásán ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì ṣí i. Magnar gbé e lọ sí èbúté lọ́jọ́ náà, ó sì gbé e bọ̀. Ká ní Solrun bi í pé kí ló wà níbẹ̀ ni, kódà kó jẹ́ pé yẹ̀yẹ́ ló fi ń ṣe, Magnar ì bá ti dáhùn. Ìyẹn dun Solrun ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Ó wá ọ̀rọ̀ tó lè fi gba ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsìnkú padà, kò rí i. Ó ní òun ń lọ.

Magnar sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Oòrùn ti bọ́ sẹ́yìn òkè, omi tó ń kán látorí òrùlé sì ti di yìnyín lórí àtẹ̀gùn. Magnar wo yìnyín náà. Ó wo bàtà rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ Solrun. Ó ya ẹnu, ó sì pa á dé.

Solrun dúró. Ọ̀rọ̀ kan yẹn tó ti ń sú u láti kékeré, òun ló dúró dè nínú òtútù, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́ ọ, ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú.

"Rọra," ló sọ fún ara rẹ̀, ó sì gbẹ́sẹ̀.