Èébú Ẹnu Ààrò

Láti ìgbà tí ìyá ti kú ni búrẹ́dì ti ń rì. Á wọnú ààrò ní wíwú rùmù bí ikùn aboyún, á jáde ní rírì bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí kò léyín. Ọmọbìnrin tó jogún ilé búrẹ́dì náà, Adákẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bó bú u láàárọ̀, tó bú u lálẹ́, ọmọ náà kì í fèsì.

Ìyá sì mọ ènìyàn bú. Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn irin ààrò láàárọ̀, á fìdí kan àpótí ìjókòó rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀.

"Adákẹ́, olójú bí ẹni tí òjò ká mọ́ ìta. Adákẹ́, ọwọ́ rẹ rọ̀ ju ìyẹ̀fun lọ. Ọkọ tí ì bá fẹ́ ọ ti sá, ó gba ojú fèrèsé lọ."

Á bọ́ sórí àwọn òṣìṣẹ́, á bọ́ sórí igi ìdáná, á bú ààrò fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá tó o, á dìde, á ṣí ilẹ̀kùn. Búrẹ́dì á ti jinná.

Nígbà tí ikú mú un, Adákẹ́ rò pé etí òun máa sinmi. Etí sinmi lóòótọ́. Àpótí ni kò sinmi. Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn ààrò, àpótí náà á dún, gììn, bí ìgbà tí ẹni tó sanra jókòó lé e. Ọkùnrin tó ń po ìyẹ̀fun gbé e jù sẹ́yìn ilé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wà lẹ́nu ààrò.

"Ìwọ lo gbé e padà?" ni Adákẹ́ bi í.

"Èmi? Èmi tí mo ń gba ẹ̀yìn lọ síbi ìyẹ̀fun nítorí rẹ̀?"

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ẹni tó ń gba búrẹ́dì fún ilé ìwòsàn dé, tó fìka tẹ búrẹ́dì kan, tí ibi tó tẹ̀ ò sì wú padà.

"Ẹ gbọ́, aláìsàn ló ń jẹ ẹ́. Bí ti ọ̀la bá tún rì, a ó wá ibòmíì lọ."

Ilé ìwòsàn yìí ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń jáde nínú ààrò. Bó bá lọ, ilẹ̀kùn títì ló kù.

Kì í ṣe pé Adákẹ́ ò wá ìmọ̀ràn o. Ó sanwó fún olùkọ́ kan lórí fóònù, obìnrin tí èékánná rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè ti po ìyẹ̀fun rí. Ìyẹn ní kó ra aago. Ó ra aago. Aago ń ka tirẹ̀, iná igi ń jó tirẹ̀. Ó lọ sí ìpàdé àwọn oníṣòwò, wọ́n ní kó yí àwọ̀ ọ̀rá búrẹ́dì padà. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní kó máa rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. Ìmọ̀ràn pọ̀ bí iyanrìn. Ẹ fi iyanrìn nìkan kọ́lé, kẹ́ ẹ wò ó.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò tíì bi: Ìyá Òdìkejì, tó ń yan búrẹ́dì tirẹ̀ ní òdìkejì títì, tí òun àti olóògbé kì í kí ara wọn. Ọ̀sán ọjọ́ náà, Adákẹ́ gbé ìtìjú mì, ó sọdá.

"Ẹ káàsán mà."

"Ọmọ ọ̀tá mi. Ṣé o wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Adákẹ́ wo orí tábìlì. Gbogbo búrẹ́dì tó wà níbẹ̀ ló ti rì.

"Ẹ̀yin náà, mà?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín." Ìyá Òdìkejì fi aṣọ bo búrẹ́dì náà bí ẹni bo òkú. "Bí ìyá rẹ bá bẹ̀rẹ̀ èébú, èmi náà á ti ilẹ̀kùn ààrò mi. Bó bá dákẹ́, mo ṣí i. Ẹnu rẹ̀ ni mo fi ń yan búrẹ́dì láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀tá mi ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ tó o."

"Ó kàn máa ń bú mi ni, mà."

"Ó ń bú ọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí igi bá gbẹ, èébú á kúrú. Bí igi bá tutù, á kan bàbá rẹ, á kan ìyá bàbá rẹ. Ṣé ìgbà kan wà tí ojú rẹ̀ kúrò lára èéfín?"

Adákẹ́ ò mọ̀. Ilẹ̀ ló máa ń wò.

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ẹni tí kì í fèsì, báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó gbọ́? Lọ jókòó lórí àpótí yẹn lọ́la. Kó o sì pariwo dáadáa, èmi náà fẹ́ jẹun."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn irin. Adákẹ́ jókòó. Àpótí náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ó gbójú sókè sí èéfín tó ń jáde níhò òrùlé, dúdú kirikiri, nítorí igi ọjọ́ náà tutù.

"Adákẹ́," ó ní jẹ́jẹ́, "olójú bí ẹni tí òjò ká mọ́ ìta."

Ọkùnrin tó ń po ìyẹ̀fun dúró gbagidi.

"Adákẹ́, ọwọ́ rẹ rọ̀ ju ìyẹ̀fun lọ." Ó ń pariwo báyìí. "Ọkọ tí ì bá fẹ́ ọ ti sá..."

Ibẹ̀ ló gbé dúró. Ẹnu rẹ̀ pa dé.

"...ó gba ojú fèrèsé lọ," ni ohùn kan wí, ohùn ìyá rẹ̀.

Kò dáwọ́ dúró. Ó bú igi tútù. Ó bú bàbá Adákẹ́, ó bú ìyá bàbá rẹ̀, ó bú aago tuntun tó wà lára ògiri. Ọkùnrin tó ń po ìyẹ̀fun ti wà níta, ọwọ́ rẹ̀ ṣì funfun. Adákẹ́ ò gbójú kúrò lára èéfín. Ó rí i tó ń fúyẹ́. Ó rí i tó di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èémí. Ìgbà náà ni ohùn náà dákẹ́.

Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn. Gbogbo búrẹ́dì náà dúró, wọ́n pọ́n, kò sí ọ̀kan tó rì. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ láti òdìkejì títì: ilẹ̀kùn irin Ìyá Òdìkejì náà ń ké, ó ń ṣí. Ìyẹn ni pé òun náà gbọ́ ohùn náà dópin.

"Mo gbọ́ o, mà," ni Adákẹ́ wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó fèsì fún ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, àpótí dún, gììn. Ẹnìkan ti jókòó, ó ń retí búrẹ́dì tó kàn.