Ìṣáwùrú Orí Àpáta

Ìkarahun ìṣáwùrú tó gbé kalẹ̀ sórí tábìlì gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni méjìlélógún tó ti wọ̀n ṣáájú rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà tún gbé rúlà tì í, bí ẹni tó ń bẹ rúlà pé kó purọ́ díẹ̀. Rúlà ò gbà.

Kúkúrú ni ìyá àwọn ìṣáwùrú wọ̀nyí, wọ́n sì ki pọ́pọ́. Orí àpáta ló ti ṣà wọ́n, níbi tí odò ti ń sáré bí ẹni inú ń bí. Àmọ́ inú omi dídákẹ́, nínú ìgò ńlá, ló ti tọ́ àwọn ọmọ wọn láti ẹyin. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀ lóòótọ́, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ọmọ kúkúrú ló yẹ kí wọ́n bí. Èyí tí wọ́n bí gùn, kò sì yàtọ̀ sí ìṣáwùrú etí odò lásán.

Orúkọ ìyá ọ̀dọ́bìnrin náà ni bàbá fi sọ ẹ̀yà náà. Ó ti pé ọdún méje tí ìyá ti kú. Yàtọ̀ sí ara òkúta ibojì, ara káàdì inú àpótí ìkarahun yìí nìkan ni orúkọ rẹ̀ tún kù sí.

"Ṣé o ti parí?" Ọ̀gá ilé àkójọ ìkarahun yọjú, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Olójú-Mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ nítorí gíláàsì ojú rẹ̀. "Aago mẹ́rin ni ìwé àkójọ wa ń lọ sílé ìtẹ̀wé o."

"Ó kù díẹ̀, Ọ̀gá."

"Ìṣáwùrú ni mo ní kó o wọ̀n, mi ò ní kó o máa rìn bíi tiẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò lè jẹ́ kí bàbá ka irú èyí nínú ìwé. Ó fi òwú wé kúkúrú kan àti gígùn kan, ó gba ilé lọ.

Orí ibùsùn ni bàbá wà. Ẹsẹ̀ ti kọ̀ láti gbé e, èémí náà sì ti ń dín kù. Ọmọ kó méjèèjì sí i ní àtẹ́lẹwọ́.

"Èwo nìyá?"

"Kúkúrú ni, Bàbá."

Bàbá yí gígùn náà síwá sẹ́yìn. "Omi dídákẹ́ lo fi tọ́ ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìyá ẹ wí bẹ́ẹ̀."

Ọmọ rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ rí wọn. Òun ló wọ odò, èmi ò mọ omi í wẹ̀. Ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n, pé lílù tí odò ń lù wọ́n ló jẹ́ kí wọ́n ki. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ni aránṣọ mọ̀ nípa ìṣáwùrú. Kó má baà bínú ni mo ṣe fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́."

"Ṣé inú Ìyá dùn sí i?"

"Ó dúpẹ́."

Bàbá dá ìkarahun méjèèjì padà fún un, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìka ọmọ rẹ̀ dé lé wọn lórí. "Lọ pa orúkọ náà rẹ́. Má dúró dìgbà tí mo bá kú."

Bó ṣe ń padà lọ, ó rántí bí ìyá ṣe máa ń gbé oúnjẹ bàbá wá síbi iṣẹ́, ní ilé àkójọ yìí kan náà. Wọn á máa kí i ní Ìyá Ìṣáwùrú, wọn á fa àpótí yọ kó lè wo orúkọ ara rẹ̀. Ilẹ̀ ni ìyá máa ń wò. Ìtìjú lọmọ pè é, ó tiẹ̀ gbà pé ibẹ̀ lòun ti jogún tòun.

Ó kó àwọn kúkúrú lọ́kọ̀ọ̀kan sí àárín àwọn gígùn. Ní ilé àkójọ yẹn, wọn kì í ju káàdì nù. Tuntun ni wọ́n ń kì bọ iwájú ti àtijọ́. Ó mú káàdì tuntun, ó kọ odò, ó kọ ọjọ́, ó kọ ẹ̀yà. Ó ku ìlà kan: ẹni tó ṣàtúnṣe.

"Ọ̀gá, ṣé a lè kọ orúkọ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibí?"

"Bíi ta ni?"

"Aránṣọ kan."

Olójú-Mẹ́rin rò pé àwàdà ni, ó sì dùn mọ́ ọn pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí náà lè ṣàwàdà. "Aránṣọ kẹ̀! Fọwọ́ sí i jàre, wọ́n ń dúró."

Ó fọwọ́ sí i. Ó ki káàdì náà bọ iwájú ti ìyá rẹ̀. Ó bò ó pátápátá. Yíǹkì ò tíì gbẹ nígbà tó yé e. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìyá, ó fi ẹ̀rín dà á nù. Òun náà gbọ́ ọ, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i.