Ìdákẹ́jẹ́ Lowó Ọkọ̀

3.

…ó sì ní láti ọjọ́ náà lọ, òun ò ní fọwọ́ kan fóònù nínú ọkọ̀ mọ́ láéláé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Máfọwọ́kàn. Ẹ̀yìn ẹ̀ la ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Lójú ẹ̀, Ọ̀gá ni.

Ẹ̀rọ tó rà kò tóbi ju ọṣẹ ìfọwọ́ lọ. Ó dúdú, ó ní bọ́tìnnì pupa kan, ó sì fi há pátákó tí awakọ̀ fi ń bo oòrùn lójú. Bùlútúùtù ló fi ń bá fóònù inú àpò ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá pè é, Máfọwọ́kàn á kígbe pé "Gbà!", ẹ̀rọ á gbà á, ohùn ẹni náà á sì máa bọ́ láti òkè sórí gbogbo wa bí ìgbà tí òrùlé bá ń jò.

(Ọ̀kan àti èjì ti sọnù. Ẹ má wá wọn.)


4. ÀWỌN TÓ Ń WỌ ỌKỌ̀ NÁÀ LÁRÀÁÀRỌ̀

Lẹ́yìn sítíárìn: Máfọwọ́kàn, alábòójútó iléeṣẹ́ ìfọṣọ. A ò tíì rí i kó fọ nǹkan kan.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: Akọ̀wé, ọmọbìnrin tó ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà. Ṣingọ́ọ̀mù kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ̀yìn, lápá kan: Bàbá Áyọ́ọ̀nù, tó ń lọ aṣọ. Òun àti ikọ́ ló jọ ń gbé.

Ẹ̀yìn, lápá kejì: Aránṣọ, obìnrin tó ń rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó bá ya. Ẹ fojú sí i lára.

Bọ́ọ̀sì kì í dé ọ̀nà iléeṣẹ́ wa. Ọkọ̀ Máfọwọ́kàn la ní.


5.

ÌKÌLỌ̀
(wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àga iwájú)

ỌKỌ̀ YÌÍ KÌ Í GBOWÓ LỌ́WỌ́ ẸNIKẸ́NI.
BÍ ÌPÈ BÁ WỌLÉ, KÍ GBOGBO ÈÈYÀN PANU MỌ́.
A Ò GBỌDỌ̀ WÚKỌ́. A Ò GBỌDỌ̀ RẸ́RÌN-ÍN. A Ò GBỌDỌ̀ JẸ ṢINGỌ́Ọ̀MÙ.
ẸNI TÓ Ń PÈ KÒ GBỌDỌ̀ MỌ̀ PÉ ÈÈYÀN WÀ NÍBÍ.
Ẹ ṢEUN.

Ẹnì kan fi báírò kọ ọ́ sábẹ́: *Ṣé a lè mí?*

Ẹlòmíràn fi báírò mìíràn dáhùn: *Díẹ̀díẹ̀.*


6. NÍNÚ ÌWÉ TÓ BÁ Ẹ̀RỌ NÁÀ WÁ

"Ẹ kú oríire. Ẹ lè kọ́ ẹ̀rọ yìí ní ọ̀rọ̀ méjì ní èdè yín, ọ̀kan láti gba ìpè, ọ̀kan láti kọ̀ ọ́. Ohùn ẹnikẹ́ni ló ń gbọ́. Ó ń yọ ariwo ọ̀nà kúrò, ó sì ń fi ohùn èèyàn ránṣẹ́. Bí ẹ bá ti gba ìpè, bọ́tìnnì pupa nìkan ló lè parí rẹ̀."

Máfọwọ́kàn ò ka ìwé náà dópin. Ó jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé ẹ̀, ó ń pariwo "Gbà! Kọ̀! Gbà! Kọ̀!" títí àwọn aládùúgbò fi wá bẹ ìyàwó ẹ̀ pé kó fọwọ́ wọ́nú.


8. ÌPÈ

ÌYÀWÓ: Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti lo oògùn yẹn?

MÁFỌWỌ́KÀN: Oògùn wo?

ÌYÀWÓ: Oògùn jẹ̀díjẹ̀dí.

(Akọ̀wé kọjú sí fèrèsé. Èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n.)

MÁFỌWỌ́KÀN: Mo wà ní ìpàdé.

ÌYÀWÓ: Ìpàdé wo ni wọ́n ti ń fun họ́ọ̀nù? Ẹ má jókòó pẹ́ o. Dókítà ní kí ẹ máa dìde.

MÁFỌWỌ́KÀN: Mo ti gbọ́.

ÌYÀWÓ: Kí ẹ sì yé jẹ ṣúgà.


9. OHUN TÍ A MỌ̀ NÍPA Ẹ̀, TÍ A Ò BÉÈRÈ

Ó sọ fún onílé ẹ̀ pé òun ti rìnrìn àjò. Ó sọ fún àna ẹ̀ pé òun ló ni iléeṣẹ́ náà. Ó ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ọmọdé tó fọ́ àwo. Ó ní obìnrin kan tí orúkọ ẹ̀ nínú fóònù ń jẹ́ Ẹlẹ́rọ Omi, a ò sì tíì gbọ́ kí wọ́n mẹ́nu kan omi.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú ọkọ̀ yìí, àjà ló wà.


10. Ẹ̀RỌ NÁÀ SỌ̀RỌ̀

Gbà. Kọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ mi nìyẹn. Wọn ò kọ́ mi ní *Dúró ná*.


11.

Yàrá Aránṣọ wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ká aṣọ. Fèrèsé kan ló ní, ìyẹn sì kọjú sí ògiri. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì wà lọ́tùn-ún, ti ilé ìwòsàn wà lósì, nítorí èérí méjèèjì ò jọra. Ó máa ń gbé aṣọ sókè síbi iná kó lè rí ibi tó ti ń fẹ́lẹ́, á sì rán an kó tó ya. Bó bá rán an tán, ojú ò ní rí i, àfi kí o fi ìka wá a.

Wàhálà iṣẹ́ náà nìyẹn. Bí o bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé o ṣe nǹkan kan.

Ìyá ẹ̀ wà nílé, ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó rìn mọ́. Iṣẹ́ yìí ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀.

(Mo ní "mo". Ẹ fojú fò ó.)


13. ÌPÈ. ÀÁRỌ̀ ỌJỌ́ AJÉ. ÒJÒ Ń RỌ̀.

MÀDÁÁMÙ, tó ni iléeṣẹ́: Alábòójútó, ṣé o wà níbi tí o ti lè sọ̀rọ̀?

MÁFỌWỌ́KÀN: Mo wà níbẹ̀ dáadáa, mà. Èmi nìkan ni.

(Àwa ẹni tí kò sí níbẹ̀ wo ara wa.)

MÀDÁÁMÙ: Ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń ránṣọ yẹn ni.

MÁFỌWỌ́KÀN:

MÀDÁÁMÙ: Ṣé ò ń gbọ́ mi?

MÁFỌWỌ́KÀN: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mà.

MÀDÁÁMÙ: Mo ti pinnu. Aṣọ tó bá ya, kí wọ́n jù ú nù, ká ra tuntun. Tó bá di Fúráìdé, sọ fún un pé kó má padà wá mọ́. Má sọ ọ́ ṣáájú o, kó má lọ máa sunkún sórí aṣọ oníbàárà.

MÁFỌWỌ́KÀN: Kọ̀. Kọ̀.

MÀDÁÁMÙ: Kí lo kọ̀?

MÁFỌWỌ́KÀN: Mi ò kọ nǹkan kan, mà. Mà, ẹ jẹ́ n pè yín padà.

MÀDÁÁMÙ: Pè mí padà ṣe kí ni? Ṣebí ìwọ náà lo mú àbá yìí wá. O ní ojú ẹ̀ ò ríran mọ́, o ní ó ti ń rán ihò mọ́ ihò.

(Bọ́tìnnì pupa wà lókè orí ẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ta ló máa pa fóònù mọ́ ọ̀gá ẹ̀ lẹ́nu?)

MÀDÁÁMÙ: Torí náà, tó bá di Fúráìdé… Yéè! Yéè, ẹsẹ̀ mi! Tíì gbígbóná!

(Nǹkan fọ́. Tíì gbígbóná ti dà sí i lẹ́sẹ̀.)

AKỌ̀WÉ: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.

BÀBÁ ÁYỌ́Ọ̀NÙ: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà.

ARÁNṢỌ: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ da omi tútù sí i kíá.


14.

Ẹ má dá wa lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ, ẹnu wa á ti kí i kí orí tó mọ ẹni tó jẹ́. Bàbá Áyọ́ọ̀nù ní bí olè bá jábọ́ lórí ògiri òun, òun á kọ́kọ́ kí i ní pẹ̀lẹ́ kí òun tó ké sí aládùúgbò.

Ṣùgbọ́n kí n jókòó síbẹ̀, kí wọ́n máa já oúnjẹ gbà lẹ́nu mi, kí n tún máa sọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ẹsẹ̀. Èmi náà gbọ́ ara mi.

(Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Kò sí ìdí láti máa fara pamọ́ mọ́.)


13, APÁ TÓ KÙ

MÀDÁÁMÙ: Ta nìyẹn?

MÁFỌWỌ́KÀN: Rédíò ni, mà.

MÀDÁÁMÙ: Rédíò ló ní kí n da omi tútù sí i?

MÁFỌWỌ́KÀN: Ètò ìlera ni wọ́n ń ṣe, mà.

(Ikọ́. Gígùn. Olómi.)

MÀDÁÁMÙ: Rédíò náà ń wúkọ́. Ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn?

Máfọwọ́kàn fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì pupa. Ẹ̀rọ náà fi ohùn obìnrin tó ti jẹun yó sọ pé ìpè ti parí.


16. OHUN TÍ ARÁNṢỌ ṢE NÍGBÀ TÍ ỌKỌ̀ DÚRÓ

a) Ó gbá Máfọwọ́kàn létí láti ẹ̀yìn, fìlà ẹ̀ bọ́ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

b) Ó sunkún.

d) Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ gbé wa dé, Ọ̀gá," ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Akọ̀wé ní (d) ni. Bàbá Áyọ́ọ̀nù náà ní (d) ni. Èmi fẹ́ràn (a).


17. ÌKÉDE, LÁRA ÒGIRI IBI TÍ A TI Ń KÁ AṢỌ

ẸNIKẸ́NI TÓ BÁ MỌ ÀWỌN TÓ WÀ NÍNÚ ỌKỌ̀ ALÁBÒÓJÚTÓ LÁÀÁRỌ̀ ỌJỌ́ AJÉ, KÓ YỌJÚ SÍ Ọ́FÍÌSÌ.
— ÌṢÀKÓSO

*(báírò:)* Rédíò.


18. ÀTẸ̀JÍṢẸ́

MÁFỌWỌ́KÀN: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́. Tí Màdáámù bá bi yín, ẹ ò sí nínú ọkọ̀.

AKỌ̀WÉ: Níbo la wà, sà?

MÁFỌWỌ́KÀN: Nínú bọ́ọ̀sì.

AKỌ̀WÉ: Bọ́ọ̀sì kì í gba ọ̀nà yẹn, sà.

MÁFỌWỌ́KÀN: Ẹ fẹsẹ̀ rìn.

BÀBÁ ÁYỌ́Ọ̀NÙ: *(ohùn tó gbà sílẹ̀, ikọ́ nìkan ló wà níbẹ̀)*

MÁFỌWỌ́KÀN: Ìyá Aránṣọ, ẹ gbọ́ mi yé. Tí a bá jọ sọ pé rédíò ni, èmi fúnra mi á bá Màdáámù sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ yín. Ojú yín ríran dáadáa. Mo ti rí i báyìí.

MÁFỌWỌ́KÀN: Ìyá Aránṣọ?

MÁFỌWỌ́KÀN: Mo rí i pé ẹ ti kà á.


19.

Màdáámù fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri iléeṣẹ́. Bàńdéèjì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó ń tiro. Bó bá dé yàrá kan, á dúró, á dáwọ́ ti ògiri, á rọra sọ pé, "Yéè." Á wá tẹ́tí.

Ohùn wa ló ń wá.

Ẹ wo ọgbọ́n. Ẹni tó bá kí i, ohùn ẹ̀ á tú u fó. Ẹni tí kò bá kí i, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Láàárín ọjọ́ kan, gbogbo iléeṣẹ́ ní ọ̀nà ọ̀fun ń dun àwọn. Akọ̀wé fi ṣingọ́ọ̀mù dí ẹnu pa. Bàbá Áyọ́ọ̀nù sá sí ilé ìyàgbẹ́, ikọ́ ẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń fọ táwẹ́ẹ̀lì, tí wọn ò mọ nǹkan kan, ń tẹrí ba bí adití.

Ó dé ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní, "Yéè." Mo tẹ maṣíìnì kó lè pariwo. Mo rán ibi tí kò ya.

Mi ò kí ẹni tó farapa rí kí n má kí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó fẹ́ lé mi ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ń ro ó lóòótọ́, mo rí i bó ṣe dì í mú. Ó dùn mí pé mi ò kí i. Inú bí mi pé ó dùn mí.


20. OHUN TÍ MO LÈ ṢE

Kí n sọ pé rédíò ni mí.


22. ÀÁRỌ̀ ỌJỌ́ ẸTÌ

Gbogbo wa ló pé sínú ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ìpè kankan ò sì tíì wọlé. Máfọwọ́kàn wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Ó ń wò mí nínú dígí, ó ń wo ọ̀nà, ó tún ń wò mí. Ó ní, "Ìyá Aránṣọ, rédíò ni o." Ó ní, "Ẹ bá mi bo àṣírí mi." Àṣírí ẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn jẹ̀díjẹ̀dí lójú wa.

Ẹ̀rọ náà dún.

Ó sọ orúkọ ẹni tó ń pè: *Màdáámù.*

Akọ̀wé gbé ṣingọ́ọ̀mù mì. Bàbá Áyọ́ọ̀nù fi ọwọ́ bo ẹnu. Máfọwọ́kàn la ẹnu láti sọ pé Kọ̀, mo rí ahọ́n ẹ̀ nínú dígí, ó ti gbéra.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Gbà."

Ẹ̀rọ náà ò mọ ohùn ọ̀gá yàtọ̀ sí ohùn ẹni tó ń ránṣọ. Ó gbà.


23. ÌPÈ

MÀDÁÁMÙ: Alábòójútó, ṣé ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀?

ARÁNṢỌ: Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?