Ẹfun Tí Màmá Gbé Wá Láti Ifọ̀

Kòfowórọlá gbé àpótí sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Lotto, ní Mówè, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé úgú kúrò lára ìtàkùn rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ màlúù ń hó lórí sítóòfù. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìbàfò ti sọ pé ìju, ìyẹn fáíbírọ́ìdì, tó wà nínú ilé-ọmọ rẹ̀ tóbi, àti pé nǹkan oṣù tó ń ya bí omi ẹ̀rọ ló ń gbẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àfi kí ẹ̀jẹ̀ náà gòkè kí àwọn tó lè ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá a padà sílé. Ó ń jẹ gbogbo ohun tí wọ́n ní kó jẹ, ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò gòkè. Kò sunkún mọ́. Ó kàn ń já ewé.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọkọ rẹ̀ yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé, ó gbé báàgì láti Ifọ̀. Kòfowórọlá kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

"Dìde, jọ̀ọ́! Ṣé bí aláboyún ṣe ń kúnlẹ̀ nìyẹn? O rò pé ojú mi fọ́? Ikùn ń yọ, o sì ń jẹ ẹfun bí ewúrẹ́ tó rí iyọ̀. Ọláwuyì ọkọ rẹ sọ fún mi nígbà tí mo fi fóònù kọ́ọ̀lù sẹ́ńtà pè é. Èmi náà jẹ ẹfun nínú oyún rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi pupa!" Ó tú báàgì. Ẹfun funfun kún inú rẹ̀.

Itọ́ kún ẹnu Kòfowórọlá. Kò sí oúnjẹ tó jẹ tí kì í fi ẹfun lé.

"Màmá, kì í ṣe oyún. Ìju ni." Bí ẹni ń dárúkọ iye tí wọ́n ń ta iyọ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Màmá rọra jókòó. "Tí kì í bá ṣe oyún, kí ló wá dé tó o fi ń jẹ ẹfun?"

Kòfowórọlá gbé ìbéèrè náà lọ bá nọ́ọ̀sì Bísí ní ilé ìwòsàn tó ń lọ ní Ìbàfò.

"Ẹfun kẹ̀?" Bísí pàtẹ́wọ́. "Àǹtí, ẹ̀ ń pọn omi sínú ajádìí agbọ̀n! Àìtó ẹ̀jẹ̀ ló ń mú un wù yín jẹ. Ẹfun yẹn náà ló sì ń dì mọ́ èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀, tó ń gbé e jáde kí ara tó rí i lò. Ẹ fi í sílẹ̀. Ọsàn ni kí ẹ máa fi lé oúnjẹ, òun ló ń jẹ́ kí ara gba èròjà náà. Oúnjẹ ò ní yọ ìju o. Ẹ̀jẹ̀ là ń wá."

Nígbà tó délé, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ó gún ẹfun díẹ̀, ó dà á sínú ife omi ẹ̀fọ́, ó rò ó, ó sì fi í sílẹ̀ kó tòrò. Omi tó ní àwọ̀ ewé tẹ́lẹ̀ wá mọ́ díẹ̀díẹ̀ lókè. Ẹfun ìsàlẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ó wò ó títí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn òun náà nìyí.

Ó ní kí Màmá máa gbé báàgì náà padà lọ. Ẹnu Kòfowórọlá bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ẹfun. Ọsàn ló ń mu.

Nígbà tó tún lọ ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Bísí ka èsì, ó pariwo: "Ó ti tó!" Dókítà fa kàlẹ́ńdà ara ògiri sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fi bírò yí Ọjọ́bọ̀ kan po. Kòfowórọlá dúró kí inú òun dùn. Inú rẹ̀ kò tíì dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.