Eyín Onírin Moríkẹ́ àti Ọ̀dà Ọkọ̀

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Moríkẹ́ ń fi eyín fọ́ orí ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ni eyín iwájú rẹ̀ bá já sórí ahọ́n, tòun ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí dókítà eléyín l'Ékòó fi gbìn ín sínú gbòǹgbò eyín àtijọ́. Ó gbé e símú. Yéè! Edé tí wọ́n gbàgbé sínú agbọ̀n tútù fún ọ̀sẹ̀ kan sàn jù ú lọ.

"Ṣé ẹnu tèmi nìyí, àbí ẹ̀yìnkùlé?" Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Inú ìkòkò kan náà ni gbogbo Ayétòrò, ìlú etí òkun tí ohun gbogbo jẹ́ àjùmọ̀ní, ti ń jẹun nígbà náà, Moríkẹ́ ló sì ń tọ́ ọbẹ̀ wò fún wọn láti ọdún mọ́kànlá. Bí àwọn àgbà bá gbọ́ pé ẹnu yẹn ti rà, Hánà igbákejì rẹ̀ ni wọ́n máa gbé ṣíbí fún. Bó bá sì fẹ́ lọ Èkó, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí kí wọ́n tó fún un láyè nínú ọkọ̀ ojú omi onẹ́ńjìnnì ìlú. Ló bá so eyín mọ́ etí ìró, ó di ọ̀dọ̀ Ísákì tó ń kan ọkọ̀.

Ísákì yí irin náà síwá sẹ́yìn. "Màmá, sìmẹ́ńtì dókítà kò ṣẹ̀ o. Ẹ wo funfun rẹ̀, ó ṣì lẹ̀ mọ́ irin gbagidi. Eyín yín ló jẹrà tó tú u sílẹ̀. Èmi kì í fi ọ̀dà dí pákó tó ti jẹrà."

"Ta lo pè ní pákó? Bá mi lẹ̀ ẹ́, kí n tó mí sí ọ lójú!"

Ísákì fò sẹ́yìn. "Ó tó, ó tó! Ṣùgbọ́n ohun tó bá lómi lára kì í gba ọ̀dà."

Ó ki àkísà bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní kó la ẹnu sí oòrùn. Itọ́ ń ṣàn dé àyà Moríkẹ́. Eṣinṣin ńlá kan wọlé, ó ń rìn kiri lórí erìgì bí ẹni tó ń wá yàrá háyà, ìyá kò sì lè pa ẹnu dé. Ísákì wá yọ́ ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń dí ojú ihò ọkọ̀, ó fi kun irin, ó jẹ́ kó tutù díẹ̀, ó tì í wọlé. Ó korò ju ewúro lọ, ó ń rùn bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Àmọ́ ó dúró. Moríkẹ́ fi èékánná gbá a wò, ó jó padà sídìí ààrò.

Ní ọjọ́ kẹta, erìgì rẹ̀ wú bí àkàrà. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò, kíkorò ọ̀dà ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí i, ọ̀dà. Ó tún bù ú, ọ̀dà náà ni. Nígbà oúnjẹ, ẹni tó kọ́kọ́ fi òkèlè pùpùrú kan ọbẹ̀ tu ú dànù, gbogbo bẹ́ńṣì sì ń tutọ́ tẹ̀lé e.

Hánà sáré wọlé. "Màmá, ṣé òkun lẹ bù sí i ni?"

Moríkẹ́ ti fẹ́ sọ pé iyọ̀ tuntun yẹn ni kò dáa. Ni ọyún bá ṣàn sábẹ́ ahọ́n rẹ̀, lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì gbé e mì kó tó mọ̀. Ṣíbí tó ń ti inú ẹnu yìí jáde ló ń padà sínú ìkòkò! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni gbogbo ìlú ti ń lá a.

"Sún mọ́ mi, ọmọ mi. Gbọ́ òórùn."

Ó la ẹnu. Hánà mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó dorí kodò sídìí igi ìdáná, ó bì.

Moríkẹ́ gbé ṣíbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Tìẹ ni. Fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa. Kí wọ́n da ọbẹ̀ yẹn nù. Mò ń lọ bá àwọn àgbà."

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, àtọ̀dà àteṣinṣin. Wọn kò bi í ní ìbéèrè kankan, òórùn ti ṣàlàyé tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n fún un láyè nínú ọkọ̀ tó ń lọ Èkó, ìdí ọkọ̀ pátápátá ni wọ́n fi í sí, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé bí orin bá ń wù ú kọ, kó jọ̀wọ́ pa ẹnu dé, kó máa fi imú kọ ọ́.