Ẹ́ńjìnnì fún Àga Ìyá Lùkúmọ̀n

Ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ to ìlà tírélà l'Ápàpá, kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kó dá lọ ra ẹ́ńjìnnì. Kò sóhun tó tún ń wu irú wọn mọ́ àfi eré sísá.

Awakọ̀ tírélà ni Lùkúmọ̀n, l'Ájégúnlẹ̀. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, ó di onímọ̀ ẹ̀rọ, ó kéré tán lẹ́nu ara rẹ̀. Rédíò tó bá Zulfah ìyàwó rẹ̀ tún ṣe ṣì ń sọ̀rọ̀. Tí kò bá gbé ju ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ, ẹjọ́ rédíò nìyẹn. Wàyí o, àga onítáyà tí ìyá rẹ̀ ń jókòó sí ló fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì oníbátìrì sí. Ẹ̀yìn ló pọ̀n ọ́n sí lọ Yídì lọ́dún tó kọjá, torí kòtò ò jẹ́ kí títi àga rọrùn, lójú àwọn obìnrin àsàlátù rẹ̀. Màmá ní tó bá tún jẹ́ ti ẹ̀yìn, òun ò lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọmọ rẹ̀ dé egungun, torí Màmá ò pa Yídì jẹ rí.

Ní Malu Road, Anayo tó ń ta nǹkan oníná gbé ẹ́ńjìnnì méjì sílẹ̀: ọ̀kan ń rọra yí, ìkejì ń fò bí ẹ̀fọn.

"Ọ̀gá, ẹ mú eléyìí tó ń rọra yí. E get gear, e go carry Mama. Kontiróólà tó ń fún un níná náà gbọ́dọ̀ tóbi, torí tí ẹrù bá ti wúwo, iná tó máa fà á pọ̀."

"Ṣé oko ìgbín ni mò ń gbé ìyá mi lọ ni? Eléré ni kó o fún mi."

"Ọ̀gá, na gear five you dey take carry container commot for gate?"

"Anayo, ọjà lo ń tà, máa ta ọjà ẹ."

Ọkùnrin tó ń fi jíà kìn-ín-ní gbéra lójoojúmọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Kontiróólà tó kéré jù ló sì mú, torí èyí tó tóbi wúwo, ta ló sì fẹ́ dín eré kù? Nígbà tó délé, ó fi ayùn gé ọwọ́ tí wọ́n fi ń ti àga náà dànù, kí bátìrì lè ráyè. Àga ẹlẹ́ńjìnnì, títì kẹ̀? Ó gbé e sókè dán an wò, táyà sáré débi pé Zulfah sá wọlé. Kò rántí pé Màmá máa jókòó sórí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọdún, Màmá wọ léèsì funfun, ó jókòó, ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ́ńjìnnì ké tòò, àga ò mira. Kontiróólà bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín.

"Lùkúmọ̀n," ni Màmá wí, "ṣé ẹja ni mí?"

Ojú ti Lùkúmọ̀n dójú ikú. Kò lẹ́nu láti sọ pé kí Màmá tún gun òun lẹ́yìn. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ọwọ́ àga mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀yìn àga, ó ń tì í lọ nínú gbogbo kòtò Ajégúnlẹ̀, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú.

Àwọn obìnrin àsàlátù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà Yídì.

"Ìyá Lùkúmọ̀n, ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ ní ó máa gbé yín wá ńkọ́?"

Màmá tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Òun ló wà lẹ́yìn mi yìí, ẹ ò rí i ni? Èmi ni mo bí i."